Òkè Irin Tí Wọ́n Ní Obìnrin Ló Bà Jẹ́

Omi kànga ẹlẹ́rọ ilé wa ní Fẹ́sítáàkì ní òórùn irin. Bí ẹ bá fà á sínú báàfù funfun lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, ìsàlẹ̀ báàfù yóò ti pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbé fúláàtì òkè mi máa ń bú ìjọba nítorí rẹ̀. Èmi kì í bú ẹnikẹ́ni. Màá bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, màá gbóòórùn rẹ̀, nítorí òórùn yẹn ni mo gbé wọ̀ bí aṣọ nígbà èwe mi, lórí òkè kan lẹ́yìn Ọ̀yọ́ níbi tí ìjọba ti ń wa irin, kí òkè náà tó di ahoro. Ìtàn bí ó ṣe di ahoro wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n ní obìnrin kan ló bà á jẹ́. Èmi ni obìnrin náà. Mo ti dàgbà tó báyìí láti sọ ẹni tó bà á jẹ́ ní tòótọ́, bí inú bá sì bí ẹnì kan, kí ó wá bá mi nílé. Ó mọ ilé mi.

Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gun òkè náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, èmi nìkan sì ni obìnrin láàárín àwọn onímọ̀ òkúta tí ìjọba kó lọ síbẹ̀. Bàtà tí wọ́n fún mi tóbi jù mí lọ, nítorí ẹni tó ra bàtà kò rò ó rí pé ẹsẹ̀ obìnrin yóò wọ inú rẹ̀. Mo fi àkísà dí iwájú rẹ̀, mo ń rìn káàkiri bí pẹ́pẹ́yẹ. Mo gbé gíláàsì tí a fi ń wo òkúta kọ́rùn, mo fi òòlù kékeré há bẹ́líìtì, mo sì gbà lọ́kàn mi pé òótọ́ tí mo bá ti rí lára òkúta, kò sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. N kò tíì pàdé àgbà tó fẹ́ dá Ilé-Ifẹ̀ tirẹ̀ ní òun nìkan.

Òkè náà rẹwà, n kò ní purọ́. Ní ìhà ìlà oòrùn, níbi tí a ti ń wa irin, ògiri kòtò rí bí aṣọ òfì: ìlà dúdú, ìlà funfun, ìlà dúdú, ìlà funfun, láti òkè délẹ̀. Funfun yẹn ni akọ òkúta, kò wúlò fún wa. Dúdú ni irin. Ó wúwo lọ́wọ́, ó ń dán bí ìpẹ́ ẹja tútù, òòfà sì ń fà á mọ́ra bí ìyá tó rí ọmọ rẹ̀. Oríṣi kẹta tún wà, òkúta pupa kan tí kì í gbọ́ ti òòfà ṣùgbọ́n tí yóò kun ọwọ́ àti aṣọ ẹni. Irin wà nínú tirẹ̀ náà. Àwọn ará ìlú kò dúró de ìjọba kí wọ́n tó mọ ohun tó wà lórí òkè wọn. Kí ọkọ̀ ojú omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irin òyìnbó wọ Èkó, àwọn baba ńlá wọn ti ń yọ́ irin fúnra wọn, wọ́n ń rọ ọkọ́, wọ́n ń rọ àdá, àwọn èrò sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá rà á. Irin òyìnbó tó dé ní ọ̀pọ̀ ló pa iná wọn. Nígbà tí èmi fi máa dé ibẹ̀, irin ọkọ̀ àlòkù ni alágbẹ̀dẹ ìlú fi ń rọ ọkọ́.

Ọ̀gá wa jẹ́ ọmọ ìlú náà. Ó ti kàwé lókè òkun, ó ga, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó so òòfà kan mọ́ okùn, ó máa ń gbé e kọ́rùn bí àwọn mìíràn ṣe ń gbé àgbélébùú. Ìṣòro tó bá a kò kéré: ìlà dúdú inú kòtò ti ń tín-ín-rín. Bí a ṣe ń wọlé sí i ni funfun ń pọ̀ sí i. Gbogbo wa rí i, a ò sọ ọ́. Ọ̀gá mọ̀ pé bí òun kò bá rí irin níbòmíràn lórí òkè náà, ìjọba yóò ti ibẹ̀ pa, orúkọ òun yóò sì bá a lọ. Ìgbà náà ló kéde pé òun ti rí irin kejì ní ìhà ìwọ̀ oòrùn, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Ìdí Ìrókò. Ohun tó dí i lọ́wọ́ ni pé ènìyàn ń gbé ibẹ̀. Èmi náà wà lára wọn.

Ilé opó kan níbẹ̀ ni mo ń gbé. Ìyá Onílé ni mo ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ju ẹ̀gbọ́n lọ sí mi. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló ní, ọmọ ọwọ́ ni nígbà náà. Bí a bá jókòó tí a ń bó ẹ̀gúsí nírọ̀lẹ́, ó máa ń sọ ìtàn ilé ọkọ rẹ̀ fún mi. Ó ní ìyá ọkọ òun, nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó titun, wà lára àwọn obìnrin tó ń fi agbọ̀n ru òkúta dúdú láti ìhà ìlà oòrùn òkè wá sí ìdí ìrókò. Wọ́n á sọ̀ ọ́ síbẹ̀, wọ́n á yípadà. Obìnrin kì í kọjá igi náà. Igbó tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí igi tó dára fún èédú pọ̀ sí tí odò sì wà nítòsí, ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ti ń yọ́ òkúta náà. Iná wọn ti kú kí a tó bí Ìyá Onílé, ṣùgbọ́n èèwọ̀ náà kò kú. "Àárín orí ìyá ọkọ mi pá bí àwo," ló wí fún mi. "Títí tó fi kú, irun kò hù níbẹ̀ mọ́." A rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ìtàn lásán ni.

Àwọn òṣìṣẹ́ wa gbẹ́ kòtò kéékèèké sínú igbó ìsàlẹ̀ ìrókò. Òkúta tí wọ́n gbé jáde dúdú, ó wúwo, òòfà fà á. Ilé àyẹ̀wò ní Èkó ní irin pọ̀ nínú rẹ̀. Wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ọ̀kan sábẹ́ gíláàsì mi, mo tún un wò lẹ́ẹ̀mejì. Ara rẹ̀ ṣẹ́po bí ọ̀rá àbẹ́là tó ṣàn tó sì dì. Ihò wẹẹrẹ kún inú rẹ̀ bíi ti àkàrà. Mo fọ́ òmíràn, mo rí èédú nínú rẹ̀, ìlà ara igi ṣì hàn lára èédú náà kedere. Èédú kì í wà nínú òkúta tí Ọlọ́run dá bẹ́ẹ̀. Mo wọ bàtà pẹ́pẹ́yẹ mi, mo kọjá ìrókò lọ fi ojú ara mi rí ibi tó ti wá, mo bá ọ̀pá amọ̀ tí ẹnu ẹwìrì máa ń gbà fẹ́ iná, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́ káàkiri nínú ilẹ̀. Ìdàrọ́ ni gbogbo rẹ̀, ìdọ̀tí tó máa ń ṣàn jáde bí epo nígbà tí wọ́n bá ń yọ́ irin. Ìran dé ìran ni wọ́n ti ń dà á nù síbẹ̀, tí ewé àti erùpẹ̀ bò ó. Irin ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lóòótọ́, nítorí iná àwọn àgbà kò lè fà á tán. Ṣùgbọ́n àkìtàn ni. Àkìtàn la fẹ́ tìtorí rẹ̀ wó ilé onílé.

Mo gbé òkúta méjì lọ bá Ọ̀gá ní ọ́fíìsì, mo sì ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi dópin. Ó bọ́ òòfà lọ́rùn, ó gbé e lé òkúta náà, ó lẹ̀ mọ́ ọn.

"Sísí," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "kí ni òòfà ń fà?"

"Irin ni, sà."

"Kí lo wá ń bá mi sọ?"

Mo tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó gbọ́wọ́ sókè, kò gbóhùn sókè. "Ta ló ní kí o wọ ìsàlẹ̀ ìrókò?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni, nítorí èmi àti òun ti jọ jẹun rí tó ń fi àwọn àgbà ìlú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, tó ń ní èèwọ̀ ni kò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú tètè lajú. Ẹ̀rín yẹn ni mo rín kẹ́yìn lórí òkè náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ kò sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò. Wọ́n ní obìnrin ti wọ ibi tí obìnrin kì í wọ̀, òkè yóò gbẹ̀san. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo dé ibẹ̀ àfi ẹnì kan. Àwọn àgbà ìlú péjọ. Mo dúró lókèèrè, mo rí ọkùnrin tó kàwé lókè òkun náà tó ṣí fìlà, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, tó ní kí wọ́n má bínú, ọmọdé ló ń ṣe mí, òun yóò dá mi padà sí Èkó lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó máa gbé mi ti ń dún kí ìpàdé tó tú ká. Mo sáré lọ kó ẹrù, mo di ọwọ́ Ìyá Onílé mú, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn. Ẹ sọ ibi tí ìyá ọkọ yín ti ru òkúta yẹn wá." Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ.

"O dé ibi tí ìyá ọkọ mi kò dé," ló wí. "Má tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Wọ́n fi mí sí ọ́fíìsì kan ní Èkó láti máa to ìwé. Katapílà wó Ìdí Ìrókò, ilé, ibojì ọkọ Ìyá Onílé, àti ìrókò náà gan-an, láti wá irin Ọ̀gá. Wọ́n kó òkúta dúdú níbẹ̀ títí wọ́n fi kan amọ̀. Lẹ́yìn amọ̀, amọ̀ ni. Irin kejì ti tán, irin kìíní náà sì ti tín-ín-rín, ìjọba kó ẹ̀rọ rẹ̀, wọ́n ti òkè pa. Omi kún kòtò. Ẹ ó rò pé ẹnì kan yóò bi Ọ̀gá léèrè. Àwọn ará ìlú ti rí ìdáhùn tí wọ́n fẹ́: irin sá lọ nítorí obìnrin tẹ ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó sọ fún ìjọba ni pé irin wà nísàlẹ̀ amọ̀ náà síbẹ̀, àti pé ọjọ́ kan yóò wúlò. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, ìlú kò dá ilẹ̀ náà padà fún àwọn tí wọ́n lé kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n fọ́n ká. Púpọ̀ nínú wọn wá sí Èkó, wọ́n ń wa ọkọ̀, wọ́n ń jó irin, wọ́n ń tajà.

Èmi náà dúró sí Èkó. Mo rí fúláàtì gbà ní Fẹ́sítáàkì nígbà tí ibẹ̀ ṣì tutù, tí omi ń ṣàn nínú kánáàlì láìsí ewé lórí rẹ̀. Mo fẹ́ ọkọ, mo sin ọkọ. Mo fẹ̀yìn tì. Mi ò tún fọwọ́ kan òkúta nínú igbó mọ́ láé. Ọ̀gá kọ́ ilé sí Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, ní ẹ́sítéètì Rájí Ràsákì, wọ́n sì fi í ṣe baba ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn. A máa ń rí ara wa ní ilé ìtajà oògùn. Òun á kí mi, "Sísí." Èmi á kí i, "Ẹ̀gbọ́n." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹran méjì tí wọ́n so mọ́ èèkàn kan náà.

Géètì ilé wa ló tú àṣírí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dípẹtà, aṣọ́nà wa mú wẹ́dà kan wá láti Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá láti jó o. Ọkùnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ń fi iná jó irin, ó ń fi ẹnu jó ìjọba. Mo gbọ́ ohùn ìlú òkè yẹn lẹ́nu rẹ̀, mo bi í léèrè ibi tó ti wá.

"Ìdí Ìrókò, Mọ́mì. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Kò sí níbẹ̀ mọ́."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo gbé ibẹ̀ rí nígbà tí wọ́n ń wa irin."

Ó pa iná tó fi ń jó irin. Ó ṣí ìbòjú rẹ̀ sókè, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Mọ́mì, ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ wọ igbó?"

"Èmi ni."

"Áà." Ó yí ojú sí géètì. "Màmá mi a máa ṣẹ́ èpè fún yín."

Ọmọ ọwọ́ ilé Ìyá Onílé ni. Mo ní kí ó jókòó. N kò gbèjà ara mi, mo kàn sọ ohun tó wà nínú òkúta yẹn fún un, tìdàrọ́ tèédú. Ó gbọ́, kò sọ pé òun gbà, kò sọ pé òun kò gbà. Òun náà ló sọ fún mi pé ilé-iṣẹ́ kan ti dé, tó fẹ́ gba ilẹ̀ Ìdí Ìrókò lọ́wọ́ ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí irin tí Ọ̀gá ní ó wà nísàlẹ̀. Ọba ní ohun tí àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó bá fi ẹnu kò sí lòun yóò ṣe: kí wọ́n gbé ilẹ̀ fún ilé-iṣẹ́, tàbí kí wọ́n dá a padà fún àwọn tó ni ín. Ilé Ọ̀gá ni ìpàdé náà yóò ti wáyé.

"Bí wọ́n bá gbé e fún ilé-iṣẹ́," wẹ́dà wí, "ó parí nìyẹn. Èèpẹ̀ Ìjẹ̀gùn ni wọ́n á da bo màmá mi. Màmá sì ti ní kí n má sin àwọn síbí."

Mo bá a lọ sí Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá. Òórùn epo láti àwọn dípò tí wọ́n ń tọ́jú epo sí ní Sátẹ́láìtì gba gbogbo afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ọkọ̀ elépo to bí odi sójú ọ̀nà. Ìyá Onílé jókòó síwájú ìsọ̀ ọmọ rẹ̀, ó ti kéré, ó ti tẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ mí kí n tó kúnlẹ̀ tán.

"Ta ló mú un wá síbí?"

"Màmá, ẹ gbọ́ tẹnu wọn ná," ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Mo ti gbọ́ tẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn tó mi."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá sí ìpàdé náà, kí ó sọ ìtàn orí ìyá ọkọ rẹ̀ lásán, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń wo ọkọ̀ elépo tó ń kọjá. Nígbà tí mo dìde láti máa lọ, orúnkún mi ń dún, ó ní, "Ìwọ náà ti gbó," ó sì dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà tù ú nínú.

Lọ́jọ́ ìpàdé, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àga rọ́bà kún àgbàlá Ọ̀gá. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bí sí Fẹ́sítáàkì, tí wọn kò rí òkè náà rí, wọ kóòtù jókòó síwájú. Àwọn awakọ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ Ìdí Ìrókò wà lẹ́yìn. Alága jẹ́ lọ́yà, ọ̀dọ́ ni, ó gbàdúrà púpọ̀. Wẹ́dà, tó ní kí n wá jẹ́rìí fún wọn, mú ìyá rẹ̀ wọlé, ó fi í jókòó lábẹ́ máńgòrò. Mo kí i. Ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀gá dìde. Ọjọ́ ogbó ti dé bá a, ṣùgbọ́n ohùn náà kò yí padà. Ó gbé òkúta dúdú kan sórí tábìlì, ó ní òkúta Ìdí Ìrókò tí òun kọ́kọ́ rí nìyẹn, ó ti wà nínú pálọ̀ òun láti ìgbà náà. Ó mú òòfà jáde, ó lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní ọrọ̀ ìlú wà nísàlẹ̀ amọ̀, kí wọ́n má jẹ́ kí ẹkún àwọn díẹ̀ gba oúnjẹ lẹ́nu ọ̀pọ̀.

Mo na ọwọ́ sókè. "Alága, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ́ òkúta yẹn kí a wo inú rẹ̀."

"Sísí," Ọ̀gá wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "O ṣì wà láyé."

"Mo wà, Ẹ̀gbọ́n. Mo ń dúró dè yín ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ó ní kò sí ẹni tó máa fọ́ òkúta òun. Wẹ́dà dìde pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ ṣáà ní ó kún ìsàlẹ̀ ilé wa. Ẹ ó rí òmíràn." Ẹ̀rín tún pọ̀ sí i, Alága sì gbà á láyè. Òkúta là sí méjì. Mo gbé e yíká kí gbogbo wọn fojú ara wọn rí ihò inú rẹ̀. Mo ní òkúta irin orí òkè yẹn kì í ní ihò, ohun tí iná ti yọ́ ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá kò mì. Ó ní iná wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ náà, òkúta tí iná abẹ́ ilẹ̀ bá yọ́ a máa ní ihò, kí wọ́n lọ kà á níwèé. Àwọn ọ̀dọ́ mi orí. Mo rí i pé mo ń pàdánù.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ fi lé mi kúrò lórí òkè?"

"O wọ ibi tí obìnrin kì í wọ̀."

"Kí ló dé tí obìnrin kì í wọ ibẹ̀?"

Ó rí ibi tí mo ń lọ, ó sì yára ju bí mo ṣe rò lọ. "Nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn baba wa ti ń yọ́ irin," ló wí, ó kọjú sí àwọn ọ̀dọ́. "Ẹ gbọ́ bí? Baba wa yọ́ irin níbẹ̀. Ṣé wọ́n á yọ́ ohun tí kò sí níbẹ̀ ni?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àṣìṣe tí gbogbo ìlú ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kà. Mo pariwo pé ẹni tó rí èéfín ní ilé ìdáná kò lè sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti wa iṣu, pé ńṣe ni wọ́n ru òkúta yẹn wá láti ìhà kejì òkè. Ọ̀gá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. "Ta ló rù ú? Mú ẹnì kan wá tó lè sọ ọ́."

Mo wo abẹ́ máńgòrò. Ìyá Onílé ń wo ilẹ̀. Gbogbo wọn ń wò mí, mi ò sì lè pè é, nítorí bí mo bá pè é tí ó bá kọ̀, ó parí. Alága ní bí kò bá sí ọ̀rọ̀ mọ́, kí a ka ọwọ́.

"Ìyá ọkọ mi ló rù ú."

Ohùn rẹ̀ kò ga. Wọ́n ní kí ó tún un sọ, ó tún un sọ. Ó ní láti ìhà ìlà oòrùn wá sí ìdí ìrókò ni, òun àti àwọn ìyàwó ilé gbogbo, àárín orí wọn sì pá. Ọ̀dọ́ kan tó wọ kóòtù bi í léèrè pé kí ló dé tí wọn ò fi bá wọn rù ú dé ìdí iná.

"Iná yẹn gbóná. Àwọn ọkùnrin kì í wọ nǹkan kan sídìí rẹ̀. Ṣé kí ìyàwó tìrẹ lọ máa wò wọ́n?"

Ẹ̀rín bú. Ọ̀gá dúró kí ó rọlẹ̀, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ìyá, ọjọ́ ti pẹ́. Ẹ ti gbàgbé."

"Ìwọ ni mo gbàgbé?" Ó gbójú sókè wò ó. "Mo mọ ìyá tó bí baba rẹ. Orí tirẹ̀ náà pá. Ìwọ lo máa ń fi àdí pa á fún un nírọ̀lẹ́, kí o tó lọ sílé ìwé òyìnbó. Ṣé kò sọ ohun tó rù fún ọ ni?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. A dúró de Ọ̀gá. Ó mú òòfà lórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé okùn rẹ̀ mọ́ ìka. Mo ti rò pé àṣìṣe ló ṣe. Ní gbogbo ọdún yẹn, nínú gbogbo ìbínú mi, mo ṣì bọ̀wọ̀ fún un, mo ń pè é ní àṣìṣe. Ọkùnrin náà mọ̀ pé ìdàrọ́ ni kí n tó gbé òkúta wá bá a rárá.

Wọ́n ka ọwọ́. Ilẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn tó ni ín. Bí wọ́n ṣe ń yọ̀, mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Onílé. Ó ní, "Má rò pé nítorí tìrẹ ni."

Alága wá sílé mi lẹ́yìn náà, ó ní kí èmi àti Ọ̀gá dìde pọ̀ níwájú ẹgbẹ́, kí a dì mọ́ ara wa, kí wọ́n yà wá ní fọ́tò. Ó ní àforíjì ń mú ara yá. Mo ní ara mi yá. Ẹni tó bá ń wá àforíjì, ẹnu rẹ̀ kò há. Títí di òní, Ọ̀gá ṣì ń pè mí ní Sísí ní ilé ìtajà oògùn, n kì í sì í dáhùn mọ́.

Wẹ́dà mú ìyá rẹ̀ padà sí Ìdí Ìrókò. Ó kọ́ yàrá méjì fún un, ó sì gbin ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó wá kí mi kẹ́yìn, mo bi í léèrè pé èèyàn mélòó ló ti padà sí Ìdí Ìrókò. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó ní àwọn àgbà díẹ̀ ni. Àwọn ọmọ òun gan-an, tí wọ́n bí sí Ìjẹ̀gùn, ti sọ fún un pé kí ni àwọn fẹ́ lọ ṣe lórí òkè. Àwọn ọmọ aládùúgbò rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ náà. Wọ́n ní ilé wọn wà ní Èkó.

Mi ò lè bá àwọn ọmọ náà wí. Mo máa ń ro ìyá wọn àgbà yẹn nírọ̀lẹ́, tó jókòó síwájú yàrá méjì lórí ilẹ̀ gbalasa, tí kò sí ẹni tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ la gbà padà lọ́wọ́ Ọ̀gá. Àdúgbò ló gbà lọ́wọ́ àwọn ará Ìdí Ìrókò.